Àrokò Inú Ìmọ́lẹ̀: Láti Èbúté Èkó dé Festac

Ní ọjọ́ 23 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó. Kì í ṣe ọkọ̀ tó wá já ẹrù, kì í sì í ṣe ọkọ̀ tó wá kó èrò. Awo ńlá kan tó dojú kọ ọ̀run ni wọ́n gbé ka orí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Olórí Ìjọba wa, Sir Abubakar Tafawa Balewa, wọ inú ọkọ̀ yìí, ó gbé tẹlifóònù sétí, ó sì bá Ààrẹ Kennedy tó pè é láti Washington sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì máa lo sátẹ́láìtì láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú bí ẹni wà nínú yàrá kan náà. Sátẹ́láìtì tó gbé ohùn wọn, Syncom 2 ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e sókè. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi 39 kílógíráàmù lọ, kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan, ó sì wà lókè bíi 36,000 kìlómítà sí wa.

Àwọn tó dàgbà nígbà náà lè má rántí ìpè yìí rárá. Èyí tí gbogbo ayé ń sọ lóṣù yẹn ni ẹ̀ṣẹ́ tí Dick Tiger lu Gene Fullmer ní Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 10 oṣù kan náà. Èmi ò bá wọn jà. Ẹ̀ṣẹ́ dùn ún wò ju tẹlifóònù lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìpè yẹn tí kò tíì kúrò nílẹ̀ títí dòní: yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, ta tún ni ó lè gbọ́ ọ? Nítorí ohùn tó bá ti òfurufú bọ̀, bí òjò ló ṣe ń rọ̀. Kì í rọ̀ sí ilé ẹni kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gbé awo tirẹ̀ síta, yóò gbọ̀n ọ́n.

Àwọn baba wa mọ ìbéèrè yìí kí òyìnbó tó dé. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń di àrokò. Àlùfáà Gollmer, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ìjọ ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, kọ̀wé lórí àrokò ní ọdún 1885 kí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ̀ nípa rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín sínú okùn, ẹ̀fà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá fẹ́ dáhùn, ó lè sín mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ, pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ń gbé e lọ. Ó lè gbé e láti Ìjẹ̀bú dé Èkó kó má mọ ohun tó gbé. Bí àwọn adánilọ́nà bá mú un, tí wọ́n nà án, kò ní nǹkan tí yóò jẹ́wọ́. Ìwà yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí a óò padà sọ́dọ̀ ìránṣẹ́ yìí.

Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun dé Èkó ní ọdún 1886, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó dé London láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ òyìnbó ló ni wáyà náà, wọ́n sì lè ka ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba wa dá ilé iṣẹ́ tiwa sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko àgbàdo ni awo ńlá yẹn ti ń bá òfurufú sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ ìpè tó ti Èkó lọ sí òkè òkun, Lánlátẹ̀ ló gbà.

Ọdún 1977 wá dé. Láti ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì títí di ọjọ́ 12 oṣù Fẹ́búárì, àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 kóra jọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà tí a mọ̀ sí FESTAC. Ìjọba àpapọ̀ ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Àwórì ní Amúwò, wọ́n sì ti kọ́ ilé tó ju 5,000 lọ síbẹ̀ fún àwọn àlejò. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n dìbò pín ilé náà fún àwọn ará ìlú. Bí Festac Town ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú òpópónà tó ní nọ́ńbà dípò orúkọ. (Ẹni tó bá gbọ́ pé Satellite Town náà wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin lè rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó sátẹ́láìtì sí. Rárá o. Ìlú kékeré tó fara ti ìlú ńlá ni orúkọ náà túmọ̀ sí.)

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ní ọdún 1977 kan náà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìlù àjọ̀dún dákẹ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Rivest, Shamir àti Adleman, hùmọ̀ irú àgádágodo kan tí a fi nọ́ńbà ṣe. Lẹ́tà orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pè é, RSA. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iyán. Ẹni tó ní odó lè gún un láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba iyán tó ti fẹ́lẹ́ kó tún un ṣe padà sí ègé iṣu mẹ́rin tó ti wá? Bákan náà, kò ṣòro láti sọ nọ́ńbà ńlá méjì di púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fún ènìyàn ní èsì nìkan pé kó wá nọ́ńbà méjèèjì jáde, kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ lè ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó má rí i. Lórí àgádágodo yìí àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni gbogbo òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé. Nígbà tí ìyá ọlọ́jà ní Mile 2 bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́, irú rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ẹgbẹ́ kan náà ni ìlú Festac àti àgádágodo yìí.

Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Festac àti íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ohun mìíràn ló ń wá sí ọkàn àwọn kan. Kò yẹ kí a fò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kí fóònù alágbèéká tó kárí ilé, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun, ilé káfè ló ń lọ. Festac kún fún káfè. Awo sátẹ́láìtì wà lórí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, ọ̀dọ́ sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti alẹ́ mọ́jú nítorí owó òru kò wọ́n bí ti ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ń wá ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ń wá iṣẹ́. Àwọn kan ń wá ẹni tí wọn yóò lù ní jìbìtì, àwọn yẹn ló sì gbé orúkọ ìlú náà dé inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Ìjọba dá EFCC sílẹ̀ nítorí irú wọn. Olóòótọ́ tó ń gbé ní Festac nígbà náà rí i nígbà tó bá fẹ́ ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí wọ́n bá ti rí i pé Nàìjíríà ló ti ń pè, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe jìbìtì nígbà náà kò já àgádágodo kankan. Wọ́n ń bẹ onílé títí tí onílé fi ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Olè tó ń já àgádágodo gan-an ń bọ̀ láti ibòmíràn. Ní ọdún 1994, ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Shor ní Amẹ́ríkà fi hàn lórí ìwé pé irú kọ̀ǹpútà tuntun kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù, lè sọ iyán padà di ègé iṣu. Títí di òní, kò tíì sí èyí tó tóbi tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí ló wá kàn wá? Ohun tó kàn wá ni pé olè tó ní sùúrù kò nílò láti ṣí àpótí lónìí. Ó lè kó àpótí tó wà ní títì lọ sílé, kó tò wọ́n jọ, kó máa retí ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yóò dé. Ìwé ìlera ènìyàn, àṣírí ìjọba, àwòrán ìka ọwọ́ tí báńkì gbà lọ́wọ́ wa: gbogbo ìwọ̀nyí ṣì máa wúlò fún olè ní ogún ọdún sí i. A lè pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí, ṣùgbọ́n ta ni yóò pààrọ̀ ìka ọwọ́ rẹ̀?

Ibí ni àrokò tún ti wọlé. Ní ọdún 1984, Charles Bennett àti Gilles Brassard mú àbá kan wá sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Bangalore ní Íńdíà. Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí yìí kì í ṣe odò tó ń ṣàn láìdá. Hóró hóró ni, bí àgbàdo, wọ́n sì ń pe hóró kan ní photon. Hóró ìmọ́lẹ̀ kan lè dúró ṣánṣán, ó lè sùn gbalaja, ó sì lè fì sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ẹ fi ojú inú wo fèrèsé lúfà tó wà lára ọ̀pọ̀ ilé Festac àtijọ́. Èyí tó sùn gbalaja yóò gba àárín gíláàsì kọjá, èyí tó dúró ṣánṣán kò ní í kọjá. Èyí tó fì ńkọ́? Ibẹ̀ ni àdììtú wà. Nígbà mìíràn á kọjá, nígbà mìíràn kò ní í kọjá, kò sì sí babaláwo tó lè sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá sì kọjá, kò fì mọ́. Ó ti di asùn-gbalaja bíi gíláàsì tó gbà wọlé.

Ká ní Ṣadé wà ní Festac, Délé sì wà ní London. Ṣadé ń fi hóró ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ó ń yí wọn bó ṣe wù ú. Délé ń fi fèrèsé tirẹ̀ gbà wọ́n, òun náà ń yí i bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù lásán, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe yí fèrèsé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìsọ ohun tí wọ́n rí. Ibi tí fèrèsé wọn bá ti dọ́gba ni wọn yóò mú ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí amí kan bá wà lójú ọ̀nà tó yọjú wo àwọn hóró náà, kò mọ èyí tó fì àti èyí tó dúró. Ó ti yí ọ̀pọ̀ nínú wọn padà kó tó mọ̀. Nígbà tí Ṣadé àti Délé bá fi díẹ̀ wé ara wọn, àṣìṣe á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á da kọ́kọ́rọ́ náà nù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó bá fọ́ ọ wo inú, kò lè lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má sì gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ náà gbé. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, nígbà tí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ yẹn tì í.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò, orí tábìlì ni, ìwọ̀n tó fi díẹ̀ lé ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sáré kí ọ̀nà lè gùn. Nígbà ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 2010, àwọn onímọ̀ yunifásítì KwaZulu-Natal fi irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ́ wáyà tó ti pápá Moses Mabhida ní Durban jáde. Ṣùgbọ́n inú wáyà gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà. Bó bá ti ju bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan lọ, díẹ̀ ló ń dé. Wáyà lásán ní ibi tí wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn kó lágbára sí i. Hóró ìmọ́lẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ yọjú wò, báwo ni a ó ṣe ti í lẹ́yìn? Nítorí náà ni wọ́n fi gbójú sókè. Afẹ́fẹ́ tó nípọn lórí wa kò ga púpọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti la á kọjá, òfìfo ló kù.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2016, Ṣáínà gbé sátẹ́láìtì Micius lọ sókè. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2017, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ìpè kan tí wọ́n ti rí ojú ara wọn láti Beijing sí Vienna. Micius tóbi, ó ju 600 kílógíráàmù lọ. Àwọn ará Singapore ní tiwọn fi sátẹ́láìtì kóńkó kan, SpooQy-1, tí kò tó kílógíráàmù mẹ́ta, hàn ní 2019 pé hóró ìmọ́lẹ̀ tó so pọ̀ bí ìbejì ṣeé ṣe nínú àpótí tí ènìyàn lè gbé sọ́wọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni Ṣáínà gbé kékeré tiwọn, Jinan-1, sókè ní 2022. Ẹ̀rọ kúáńtọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò ju 23 kílógíráàmù lọ. Ní oṣù Ọ̀kitóbà 2024, sátẹ́láìtì yìí so Beijing pọ̀ mọ́ Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀nà tó jìn tó 12,900 kìlómítà. Ìwé ìròyìn Nature tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2025. Obìnrin onímọ̀ kan, Yaseera Ismail, ló ṣáájú lọ́dọ̀ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀rọ ilẹ̀ tí wọ́n fi gba ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ bí 100 kílógíráàmù, èyí tí wọ́n lè gbé ka orí òrùlé.

Inú wa lè dùn pé Áfíríkà wà níbẹ̀. Tèmi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìránṣẹ́ tó ń gbé àrokò. Bí Jinan-1 ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ó bá Beijing ṣe kọ́kọ́rọ́ kan, ó fò lọ, ó bá Stellenbosch ṣe òmíràn, ó wá sọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kí ìlú méjèèjì lè ní kọ́kọ́rọ́ kan náà. Amí ojú ọ̀nà kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Ìránṣẹ́ ayé àtijọ́ kò mọ ohun tó gbé. Ti òde òní mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ni ìránṣẹ́ ló ni àṣírí. Ọ̀nà mìíràn wà, èyí tó ń lo hóró ìbejì: sátẹ́láìtì á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìhín, á fi èkejì ránṣẹ́ sí ọ̀hún, kò sì ní í mọ kọ́kọ́rọ́ tó ti inú wọn jáde. Micius ṣe é ní 2020 láàárín ibùdó méjì tó fi 1,120 kìlómítà jìnnà síra. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ọ̀nà yẹn wá ń kán bí omi ẹ̀rọ ọjọ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Ta ló wá ni ìránṣẹ́ tiwa? NigeriaSat-1 lọ sókè láti Rọ́ṣíà ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2003. Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó jẹ́ bí 100 kílógíráàmù, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. NigComSat-1 tí Ṣáínà kọ́ fún wa lọ sókè ní oṣù Mèé 2007, àmọ́ nígbà tó di oṣù Nòfẹ́ńbà 2008 agbára oòrùn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì kú. Arọ́pò rẹ̀ dé ní oṣù Dìsẹ́ńbà 2011. Ní ọdún yẹn kan náà ni NigeriaSat-X, tí àwọn ẹ́ńjìníà Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní Guildford, lọ sókè. Èyí tó wù mí jù ni ti ọdún 2017: yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ bá àwọn ará Japan ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ju NigeriaEduSat-1 sílẹ̀ láti inú ilé àgbáyé tó wà lófurufú. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni gbogbo ìhà rẹ̀, bíi kílógíráàmù kan. Kò gbé àṣírí kankan, kò sì pẹ́ títí kó tó já bọ̀ tó sì jóná. Ṣùgbọ́n ó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta SpooQy-1, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ju àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ Stellenbosch ka orí ilé kan ní Festac, ojú ọ̀run ni yóò kọ́kọ́ bá a jà. Hóró ìmọ́lẹ̀ kì í la ìkùukùu kọjá. Láti oṣù Épírì títí dé Ọ̀kitóbà, òjò ló ni Èkó. Ọyẹ́ gba Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì, eruku rẹ̀ ń bo ìràwọ̀. Òru ló dára jù fún iṣẹ́ náà, síbẹ̀ òru Èkó ń tàn yòò, iná ilé epo, iná ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Lánlátẹ̀ ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lóru, àmọ́ nígbà tí NITEL wó lulẹ̀, ibùdó yẹn náà dákẹ́.

Fún ìyá ọlọ́jà wa ní Mile 2, ìdáàbòbò lè gba ọ̀nà mìíràn dé. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2024, àjọ ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ti Amẹ́ríkà gbé àgádágodo onínọ́ńbà tuntun jáde, irú tí wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù kò ní í lè já, ó sì ń wọ inú fóònù díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹni tó ni fóònù mọ̀. Kò nílò awo, kò nílò òru tó mọ́. Àwọn báńkì àgbà àti ìjọba ni yóò kọ́kọ́ máa wá kọ́kọ́rọ́ láti ojú ọ̀run, àwọn ni yóò sì pinnu ẹni tí wọn yóò fi rán.